Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Wá Kásẹ́ẹ̀tì Géèmù Ọmọ Rẹ̀ Dé Ìlú Ọ̀wọ́ngógó

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá gbé iṣu kaná kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo jókòó síwájú yín yìí, ọdẹ ni mí láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú. Èmi àti ẹfọ̀n ti wo ojú ara wa rí, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi ẹfọ̀n léèrè. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́yalé ọ̀rẹ́ mi ni, ẹni tí a jọ ń dẹ ìgbẹ́. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ojú mi ló sì ṣe nígbà tó parí.

Ọdẹ́yalé ní aya kan, Adépèjù, Ọlọ́run sì fún wọn ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, tí wọ́n sọ ní Ṣijúwadé. Ṣijú ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, àbúrò bàbá rẹ̀ ra ẹ̀rọ géèmù kan bọ̀ láti Ìbàdàn, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan, dúdú, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọkùnrin kékeré kan ló wà nínú géèmù náà, ó ń gbé ògùṣọ̀ kiri inú ihò, ó ń fo kòtò, ó ń bá ejò jà. Bí Adépèjù bá ti oko dé, òun àti ọmọ rẹ̀ á jókòó tì í lórí ẹní. Bí Ṣijú bá ké pe bàbá rẹ̀ pé, “Bàbá mi, ẹ wá wo ibi tí mo dé,” Ọdẹ́yalé tó ń nu ìbọn lọ́wọ́ á dáhùn pé, “Mò ń bọ̀.” Kó tó nu ìbọn tán, ìgbẹ́ ti pè é. Mò ń bọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jọjọ.

Ọdún kọkàndínlógún ọjọ́ orí rẹ̀ ni ibà mú Ṣijú. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe òkú ọ̀fọ̀ nílẹ̀ wa. Òbí kì í jogún ọmọ. Gbogbo ohun tí ọmọ bá lò ni wọ́n ń kó jáde nílé kí ojú ìyá má bàa bà lé e. Ọdẹ́yalé kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ṣe é. Ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí àwọn obìnrin ṣì di Adépèjù mú nínú yàrá, ló kó aṣọ Ṣijú, ó kó bàtà rẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ géèmù náà tòun ti kásẹ́ẹ̀tì fún ọkùnrin kan tó ń ra àlòkù kọjá lójú títì. Kò gba kọ́bọ̀. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mo fi orí mi búra. Nígbà tí Adépèjù dìde ní ọjọ́ kẹjọ, ó wo igun ibi tí tẹlifíṣàn wà, ó ní, “Kásẹ́ẹ̀tì Ṣijú ńkọ́?” Ọdẹ́yalé ní òun ti kó o jáde bí wọ́n ṣe ń kó o. Adépèjù kò bá a jà. Ó kàn wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́.” Ó sì wọlé.

Ọdún méje gbáko, ènìyàn méjì ń gbé ilé kan, wọn kì í jọ jókòó. Obìnrin yìí ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, ó ń kí ọkọ rẹ̀ ní ìkí tó yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tán láàárín wọn. Ọdẹ́yalé tí kò sá fún ẹkùn, ẹ̀rù ilé ara rẹ̀ ń bà á.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé rédíò lọ fún Múfútàù tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe. Ọ̀rọ̀ yọrí sí ọ̀rọ̀, ni Múfútàù bá ní, “Bàbá, kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi tọrẹ yẹn, owó tí wọ́n fi ń ra mọ́tò ni wọ́n fi ń ra irú rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Àjùnù tí gbogbo wọn ń kóra jọ sí, Ìlú Ọ̀wọ́ngógó.”

Ọdẹ́yalé ní owó kọ́ ni ìṣòro òun.

“Mo mọ̀, bàbá. Ohun kan ni mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, kò ju bọ́tìnnì lọ. Òun ló ń rántí gbogbo ohun tí ọmọ yín ṣe nínú géèmù náà, ibi tó dé, orúkọ tó kọ síbẹ̀. Àtìgbà tí Ṣijú ti ń lò ó, bátìrì yẹn ti gbó. Lọ́jọ́ tó bá kú, gbogbo rẹ̀ parẹ́ nìyẹn.”

Ọdẹ́yalé kò dúró gba rédíò. Ó délé, ó sọ fún aya rẹ̀ pé òun ń lọ wá kásẹ́ẹ̀tì. Adépèjù wò ó títí. “Ṣé ẹ ti gbọ́ pé ó di olówó ńlá ni?” Ọdẹ́yalé ní, “Rárá, Ìyá Ṣijú. Ṣijú ni mò ń wá lọ.” Adépèjù di gààrì àti ẹ̀pà sínú àpò ọdẹ fún un, ó so ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Ẹ má bi mí ní iye odò tó là kọjá. Ọdẹ kì í ka odò, odò ló ń ka ọdẹ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó wọ Igbó Àjùnù, igbó tí gbogbo ohun tí ènìyàn jù nù ń lọ gbé. Bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan ń rìn kiri níbẹ̀, ó ń wá èkejì rẹ̀. Àárín igbó náà ni iwin kan ti dìde sí i, tí páálí bò láti orí dé ẹsẹ̀, àwòrán ara páálí kọ̀ọ̀kan sì ti ṣí. Ọdẹ́yalé ní, “Kúrò lọ́nà! Èmi Ọdẹ́yalé, tí mo pa ìmàdò mẹ́ta kí oòrùn tó yọ, tí ìyá ẹran ń fi orúkọ mi dẹ́rù ba ọmọ.” Ó yìnbọn. Ọta wọnú páálí, ó dúró síbẹ̀. Ó bá a wọ̀jà, bí ó ti ń ya páálí kan ni méjì ń hù. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí ni wọ́n wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ti ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tó rẹ àwọn méjèèjì, iwin náà ní, “A kì í fi agbára kọjá lára mi, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kọjá. Kí ni ohun tí gbogbo ìyá ń jù nù lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, tí gbogbo ọmọ ń wá kiri lọ́jọ́ tí wọ́n dàgbà?”

Ọdẹ́yalé jókòó sórí gbòǹgbò. Ó rántí ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ gbé géèmù náà dé. Adépèjù tú u, ó sì fi ohun tí wọ́n kó o sínú rẹ̀ dáná ọbẹ̀. Ó ní, “Páálí ni.”

Iwin náà mí kanlẹ̀. “Páálí ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ṣe. Wọ́n tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi èmi dáná, wọ́n fi ìwé inú mi pọ́n àkàrà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá rí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan pẹ̀lú páálí rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ ní pípé fi ń san ìlọ́po mẹ́wàá. Wọ́n rò pé èyí tó kù ni àwọn ń rà. Gbogbo èyí tó jóná ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Máa lọ, ọdẹ.”

Mo rí i bí àwọn obìnrin ìdí ibẹ̀ yẹn ṣe ń wo ara wọn. Ó ti pẹ́ jù, ẹ ti dáná.

Ìlú Ọ̀wọ́ngógó ni Ọdẹ́yalé yọ sí. Díńgí ni wọ́n fi mọ gbogbo ilé wọn, géèmù sì kún ẹ̀yìn díńgí láti ilẹ̀ dé òrùlé, ṣùgbọ́n o kò ní gbọ́ ohùn géèmù kan ní gbogbo ìlú. Oníbodè wọn, ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ń jẹ́ Máfọwọ́kàn-án. Ó mú àlejò rẹ̀ lọ wo èyí tó wọ́n jù nínú ìlú náà, òun nìkan ló wà nínú ilé kan, ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ló dúró tì í.

“Eléyìí á mà dùn gan-an o,” Ọdẹ́yalé wí.

“Kò dùn rárá. Burúkú ni. Àwọn tó rà á dá a padà, àwọn tó ń tà á da èyí tó kù sínú kòtò. Mẹ́fà péré ló kù láyé.”

Ọdẹ́yalé rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. “Èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni gbogbo ènìyàn wá ń fẹ́?” Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó rántí egbin. Láyé bàbá rẹ̀, egbin ń jẹko lẹ́yìn ilé, ẹnikẹ́ni kì í yíjú wò ó. Lónìí, bí egbin kan bá kọjá, ọdún kan la ó fi sọ ọ́. Òun náà wà lára àwọn tó pa á títí tó fi di ọ̀wọ́n.

Wọ́n kọjá lọ́jà. Ọkùnrin méjì wà níbẹ̀, Tàáfúnmi àti Ràápadà. Géèmù kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Tàáfúnmi á tà á fún Ràápadà lówó gọbọi, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ràápadà á tún tà á padà fún un, owó á gbẹ́nu sókè, àtẹ́wọ́ á tún ròkè. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn láti òwúrọ̀, títí àjèjì kan yóò fi dé, tí yóò gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, tí yóò sì rà á. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ rí mọ irú wọn.

Níwájú díńgí kan, Ọdẹ́yalé rí bàbá olówó kan nínú agbádá, tó fi orí ti díńgí, tó ń sunkún jẹ́jẹ́. Ó kí i, ó bi í pé kí ló dé. Ọkùnrin náà nu ojú. “Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní èyí. Bàbá wa tà á kí a lè san owó ilé ìwé. Nígbà tí mo lówó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Àwa tí a ṣe ọmọdé nígbà kan náà, ìgbà kan náà la lówó, àwa la jọ ń já a gbà lọ́wọ́ ara wa, àwa la sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Mo ti rà á nígbà mẹ́rìnlá báyìí.”

“Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?”

“Ó ti kú. Kò sí èyí tó jẹ́ tiwa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.”

Ọdẹ́yalé di Máfọwọ́kàn-án mú, ó ní kásẹ́ẹ̀tì ọmọ òun ni òun ń wá, ọmọ náà fi bírò ya òdòdó sí i lára. Oníbodè yínmú. “Èyí tí ọmọdé fi bírò bà jẹ́? Wọn kì í gbé irú rẹ̀ kọjá ẹnu ibodè wa. Lọ sí ẹ̀yìn odi, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń jẹ́ Tinúọlá. Tiwa ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Tirẹ̀ ni èyí tí ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀.”

Tinúọlá ti darúgbó, ilé rẹ̀ sì kún fún kásẹ́ẹ̀tì tó ti ha, tó ti ya, tí wọ́n kọ orúkọ sí. Nígbà tí Ọdẹ́yalé rí òdòdó bírò yẹn lórí pẹpẹ, ó sáré lọ síbẹ̀. Ó na ọwọ́. Ìyá náà gbá ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ẹ má bínú, ọkọ mi. Láti ìgbà tí nǹkan wọ̀nyí ti di olówó ńlá, ènìyàn márùn-ún ló ti wá sọ pé ti ọmọ àwọn ni. Orúkọ kan wà nínú rẹ̀, ẹni tó ni ín ló kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ń gbà. Ẹni tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé e padà sílé, kò sì ní mọ ọ̀nà ibí mọ́ láyé.”

“Ṣijúwadé,” Ọdẹ́yalé wí, kò tilẹ̀ rò ó.

“Rárá.”

Ó ronú díẹ̀. Ta ni ọmọ náà ń bá jókòó? “Adépèjù. Ìyá rẹ̀ nìyẹn.”

“Rárá. Ó ku ẹyọ kan.”

Ó la ẹnu láti dárúkọ àbúrò rẹ̀ tó ra géèmù náà, ó sì tún pa á dé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ìyá, mi ò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dárúkọ mìíràn, mò ń ta tẹ́tẹ́ lórí ọmọ mi ni. Ọdún méje ni ọmọ yẹn fi pè mí pé kí n wá wò ó, mi ò jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ipa ẹsẹ̀ gbogbo ẹran inú igbó. Orúkọ tí ọmọ mi kọ, mi ò mọ̀ ọ́n.” Ó sunkún, kò sì fi ojú pamọ́.

Tinúọlá dìde. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ, ó tan tẹlifíṣàn. Ọkùnrin kékeré náà yọ, ó gbé ògùṣọ̀ dání. Orúkọ wà lókè orí rẹ̀: ÀJÀGBÉ.

Ọdẹ́yalé fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

“Ta ni Àjàgbé?” Tinúọlá bi í.

“Oríkì mi ni. Ìyá tó bí mi nìkan ló ń fi pè mí. Ọmọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà.”

“Ẹ wo ibi tó dúró sí.” Iwájú ilé kékeré kan ni ọkùnrin náà dúró sí, lẹ́nu ìlẹ̀kùn. “Ọ̀pọ̀ ọmọ ń pa géèmù níbi tí iṣẹ́ bá bá wọn, nínú ihò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò. Ibi gbogbo ni ọmọ yín mú ọdẹ rẹ̀ dé nínú ihò yìí, ṣùgbọ́n kó tó pa iná, ó mú un padà délé. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kó gbogbo ohun tí mo ní fún alálòkù yẹn. Mo fẹ́ mọ ẹni tí ọmọ kan ń dúró dè báyẹn. Inú olè ìbá ti dùn nígbà tó rí orúkọ. Ẹ̀yin fi ojú pamọ́. Ẹ gbà á.”

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ọ́, ojú tẹlifíṣàn ṣẹ́jú, orúkọ náà sì pòórá, ó tún padà. “Bátìrì rẹ̀ ń kú lọ,” ni Tinúọlá wí. “Kò ní bá yín délé. A ní láti pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n.” Ó na ọwọ́ rẹ̀ síta, ó ń gbọ̀n lóòótọ́. “Ẹ̀yin ni ẹ máa ṣe é.”

Ó tú ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́ Ọdẹ́yalé bí a ṣe ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì so bátìrì mìíràn mọ́ ọn kí ìrántí rẹ̀ má bàa já, bí a ṣe ń fi irin gbígbóná yọ́ òjé tó di ti àtijọ́ mú, kí a tó lẹ tuntun sáyè rẹ̀. Ó ní bí wáyà kan bá yẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, Àjàgbé lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rẹ́ mi ti yìnbọn sí àmọ̀tẹ́kùn tó wà lókè orí rẹ̀. Ó ní kò tó èyí. Ó dá èémí dúró bí ọdẹ ṣe ń dá a dúró kó tó fa ìbọn. Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò lè nù ún. Òjé àtijọ́ yọ́. Bátìrì kú bọ́ sílẹ̀. Wáyà kan fẹ́ yẹ̀, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, irin gbígbóná sì jó o níka, kò mira. Ó lẹ ti tuntun. Nígbà tí Tinúọlá tún tan tẹlifíṣàn, Àjàgbé ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọdẹ́yalé wá mí.

Ìyá náà kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lò ó pọ̀ mọ́ ọn, ó ní kó máa lọ, aya rẹ̀ ń retí.

Mi ò ní sọ bó ṣe padà, ẹni tó ń relé kì í rí iwin. Adépèjù ń ṣa ẹ̀wà nígbà tó wọlé. Kò dìde. Ọdẹ́yalé gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé e lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà fi ìka tọ òdòdó bírò yẹn lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣàn, wọ́n sì jọ jókòó lórí ẹní. Nígbà tí Àjàgbé yọ, kò ya Adépèjù lẹ́nu. Ó ti mọ̀ tipẹ́.

“Kí ló dé tí o kò fi sọ fún mi?” Ọdẹ́yalé bi í.

“Mo fẹ́ kí ẹ fúnra yín wò ó. Ohun tí òun náà fẹ́ nìyẹn.” Ó gbé ohun ìdarí géèmù lé e lọ́wọ́. “Ẹ gbà.”

Ọdẹ́yalé gbà á. Ó mú Àjàgbé kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ ihò, ó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, ọkùnrin náà sì jìn sí kòtò àkọ́kọ́ gan-an. Ó na tàntàn sílẹ̀, kò mira. Ọdẹ́yalé gbé ọwọ́ kúrò lórí ohun ìdarí. Nígbà tó yá, ọkùnrin kékeré náà dìde, ó gbé ògùṣọ̀ rẹ̀.

Adépèjù ní, “Bó bá ti ṣubú báyẹn, ẹ mọ ohun tí Ṣijú máa ń sọ? Á ní, ‘Ìyá mi, ẹ má fòyà. Bàbá mi ò kú. Ó kàn ń sinmi ni.’” Ó fi orí lé èjìká ọkọ rẹ̀. “Ẹ tún gbìyànjú rẹ̀. Ẹ fò kí ẹ tó dé etí kòtò.”

Ọdẹ́yalé tún gbìyànjú, ó tún jìn sí i. Ẹ̀rín ni mo gbọ́ tẹ̀ lé e, tí mi ò gbọ́ nínú ilé yẹn fún ọdún méje. Ẹnu ọ̀nà wọn ni mo dúró sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbé itan ìgalà wá fún wọn. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, mi ò kan ìlẹ̀kùn, mo sì gba ilé mi lọ.